Mo Rò Pé Ẹni Tó Gbá Bọ́ọ̀lù Jù Ló Ń Borí

Àkọ́bí mi obìnrin,

Báwo ni iṣẹ́, báwo ni ilé, ṣé ọkọ rẹ ń gbádùn? Ẹsẹ̀ rẹ kò ní í kọ níbi tí ẹsẹ̀ ẹgbẹ́ rẹ ti ń yá. Ara mi le. Bàbá rẹ náà ń jẹun, ó ń sùn, ó sì ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí náà kò sí nǹkan tó ṣe é.

Gọ́ọ̀fù tí o ní kí n máa gbá torí orúnkún mi, mo ń gbá a. Ọkùnrin inú fídíò orí fóònù tí o ní kó máa kọ́ mi, mo kí i lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kò jẹ́ mi lóhùn, mo dárí jì í. Ojoojúmọ́ ló ń sọ pé mo ń ṣe dáadáa, kódà lọ́jọ́ tí mo fọ́ gíláàsì fèrèsé akọ̀wé ẹgbẹ́ gọ́ọ̀fù wa. Ká ní òun ló kọ́ mi ní aṣọ rírán ni, ìhòòhò ni gbogbo àdúgbò ìbá máa rìn.

Èmi àti ọ̀gá iléèwé tó ti fẹ̀yìn tì, tí ilé rẹ̀ kọjú sí tiwa, la jọ ń gbá a. Tí a bá ṣe tán, a ó kọ iye ìgbà tí kálukú fi igi lu bọ́ọ̀lù sórí káàdì. Tèmi a máa jẹ́ àádóje, tirẹ̀ a máa jẹ́ márùndínlọ́gọ́rùn-ún. Àánú rẹ̀ ṣe mí, mo ní kó má sọ ìrètí nù, ó kàn ń rẹ́rìn-ín. Èmi náà kò fẹ́ jó rẹ̀yìn: tí bọ́ọ̀lù mi bá kó sínú kòtò yanrìn tí wọ́n gbẹ́ sórí pápá, màá gbá a jáde, màá fọwọ́ dá a padà, màá tún gbá a, ìgbà mẹ́wàá, kí iye mi lè pọ̀.

Ìdíje àwọn àgbà wá dé ní Sátidé. Mo gbá méjìlélọ́gọ́jọ. Mo ti dìde dúró kí wọ́n tó pe ipò kìíní, àfi ìgbà tí wọ́n pè mí sí ìkẹyìn. Akọ̀wé rọra sọ fún mi pé, “Màmá, ẹni tó gbá a kéré jù ló ń borí o.”

Mo ní kí ilẹ̀ lanu, ilẹ̀ kọ̀. Bàbá rẹ rẹ́rìn-ín títí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Mo kó igi sẹ́yìn máṣìnì ìránṣọ, mo ní mo ti jáwọ́, ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin kò gbọdọ̀ máa wá ìtìjú kiri nínú oòrùn. Ó dùn mí, ọmọ mi. Mo sunkún díẹ̀.

Ní Ọjọ́rú, ọ̀gá iléèwé kan ilẹ̀kùn. Mo rò pé ó wá fi mí ṣẹ̀sín ni. Ó ní ọdún mọ́kànlá ni òun ti ń gbá gọ́ọ̀fù, kòtò yanrìn ló sì ń ba tòun jẹ́, kò sí ẹni tó mọ bí a ṣe ń jáde nínú rẹ̀ tó mi ní gbogbo ẹgbẹ́. “Ìyá Aránṣọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́ mi.”

Mo jẹ́ kó dúró lẹ́nu ọ̀nà díẹ̀, kó lè mọ̀ pé ọ̀dọ̀ olùkọ́ ló wá.

Jọ̀ọ́, fi owó bàtà gọ́ọ̀fù ránṣẹ́, má fi gba báǹkì. Fọ́ọ̀mù wọn ní kí n kọ orúkọ ìyá mi, mo ní ìyá mi ti sùn, kò lè wá gbowó.

Lánàá, mo gbá àádọ́fà. Ọlọ́run yóò jẹ́ kí tìrẹ pọ̀ níbi tó yẹ kó pọ̀, kó sì kéré níbi tó yẹ kó kéré.

Èmi ni ìyá rẹ, olùkọ́ yanrìn.