Èjìká Ọ̀tún Màmá Wa

Jantien, àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Kí àlàáfíà Olúwa wà pẹ̀lú rẹ ní Kánádà. Ara mi le. Ilé kàn dákẹ́ díẹ̀ láti ìgbà tí a ti sin Aaltje ìyàwó mi.

Nínú lẹ́tà rẹ, o béèrè ìdí tí èjìká ọ̀tún Màmá wa fi rẹlẹ̀ ju ti òsì lọ nígbà ayé rẹ̀. Mo lọ kúnlẹ̀ wo òpó igi tó wà létí odò tí àwọn baba wa gbẹ́, níbi tí okùn tí wọ́n fi ń fa ọkọ̀ ojú omi bàbá tó bí Màmá ti ha igi náà títí ó fi jinlẹ̀. Wubbo, aṣọ́ afárá, kígbe: “Bàbá Roelof, òpó lẹ wá ń bọ báyìí?”

Ojú ibi tí okùn náà ha kò ga ju ìbàdí mi lọ: èjìká ọmọdé ni okùn náà wà. Màmá ló ń fi èjìká ọ̀tún fa ọkọ̀ náà ní kékeré, tó ń rìn létí odò. Àwa ọmọ rẹ̀ sì máa ń sín ìrìn rẹ̀ jẹ.

Bá mi kí àwọn ọmọ. Bí wọ́n bá ń sín ẹnikẹ́ni jẹ, ka lẹ́tà yìí fún wọn.

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Roelof