Ohun Tí Mo Kọ́ Wọn Nípa Eyín

Àtìní, 2 Nòfáńbù 1953

Mo gun kẹ̀kẹ́ láti Bassila lọ sí Manigri. Wọ́n ní kí àwa òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn máa kọ́ àwọn ọmọ lékóòlù, ìyẹn ilé ìwé, ní ìmọ́tótó. Eyín ló kàn lónìí. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì mi hàn wọ́n — ẹyọ kan ṣoṣo tí mo ní. Láti èrìgì wá sẹ́nu eyín, jẹ́jẹ́, kì í ṣe bí ẹni ń fi ayùn rẹ́ igi. Ìta, inú, orí eyín, ahọ́n gbẹ̀yìn. Ẹni tí kò ní búrọ́ọ̀ṣì, kó run orín títí yóò fi rọ̀. Láàárọ̀, àti kí wọ́n tó sùn.

Kí wọ́n má baà gbàgbé, mo fi ọ̀rọ̀ kan dè é: ẹni tí eyín rẹ̀ bá dúdú, ọ̀bùn ni. Wọ́n tún un sọ lẹ́ẹ̀mẹta. Ohùn Lamatou ló ga jù. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ni bàbá mi fẹ́ gbé obì lọ tọrọ fún mi ní Jímọ́ọ̀ tó kẹ́yìn oṣù, tí iṣu bá ti wọlé. Lóṣù tó kọjá, ọmọbìnrin náà ń bá mi rẹ́rìn-ín dáadáa.

Inú mi dùn sí iṣẹ́ mi.

Àlàárúbá, 4

Aláìsàn ogún. Akokoro méjì. Mo yọ ọ̀kan, ọkùnrin ará Doguè kan, ó kígbe bí ọmọdé.

Àtìní, 9

Manigri. Mo yà kí ọmọbìnrin náà. Ó kọjú sí ògiri, ó fi iborùn bo ẹnu, ó dáhùn ní gbólóhùn kan. Mo sún mọ́ ọn, ó sún sẹ́yìn. Láti òní, Ayíjú ni mo sọ ọ́. Mi ò ní kọ orúkọ rẹ̀ síbí.

Mo sọ ọ́ fún Ìyá Assana, àbúrò bàbá mi. Ó ń bẹ iṣu lọ́wọ́, kò gbójú sókè. Ó ní bóyá ẹnu mi ni. Ẹnu mi kẹ̀? Ó ní ó ti pẹ́ tó ti ń rùn, òun rò pé mo mọ̀ ni. Ta ló máa sọ fún baálé pé ẹnu rẹ̀ ń rùn, áḿbọ̀sìbọ́sí dókítà. Orín ata lásán ni ìyá yìí ń run, eyín rẹ̀ sì pé.

Ó dùn mí.

Àtàláátà, 10

Mo yẹ ẹnu mi wò nínú dígí. Òótọ́ ni. Eyín iwájú nìkan ni mo ń fọ̀, èyí táráyé ń rí. Àárọ̀ nìkan. Alẹ́, obì ni mo fi ń sùn. Eyín inú kan lápá òsì ti dúdú. Ilé là á ti í kó ẹ̀ṣọ́ ròde — mi ò kó o.

Sábítì, 14

Ọjọ́ karùn-ún. Àárọ̀, alẹ́, ahọ́n. Èrìgì mi kò ṣẹ̀jẹ̀ mọ́. Mi ò jẹ obì.

Àtìní, 16

Mo ní kí Ìyá Assana gbóòórùn ẹnu mi. Ó gbóòórùn rẹ̀ bí ẹni ń yẹ ẹja wò lọ́jà. Ó ní ó ti dáa.

Mo lọ. Ayíjú yíjú. Lamatou ló sìn mí dé ẹnu ọ̀nà.

Kì í ṣe ẹnu mi ló fà á nìyẹn. Èmi gan-an ni kò fẹ́.

Àlàádì, 22

Mo sọ fún bàbá mi pé kó má gbé obì náà lọ mọ́. Ó ní kí n fi di Àlàmísì ná. Bàbá mi kì í kánjú. Mo rò pé ọ̀rọ̀ yìí kò ní ká mi lára tó báyìí.

Àlàárúbá, 25

Ayíjú ló kẹ́yìn lórí ìlà lónìí. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ wú. Ẹsẹ̀ ló fi rìn láti Manigri. Ó ní ká ní ẹlòmíràn wà tó ń yọ eyín, òun kò ní wá sọ́dọ̀ mi. Ó bẹ̀ mí pé kí n má kọ orúkọ òun sínú ìwé.

Mo béèrè ìdí. Ó ní ọjọ́ tí mo kọ́ wọn ní lékóòlù, Lamatou mú un délé: ẹni tí eyín rẹ̀ bá dúdú, ọ̀bùn ni. Ó ní láti kékeré lòun ti ń run orín láàárọ̀ lálẹ́, eyín yìí kàn ń dúdú sí i ni. Òun kò fẹ́ kí n rí i kí n wá sọ pé mi ò fẹ́ òun mọ́.

Ó yanu. Eyín inú kan, ihò ńlá. Ìyókù mọ́ ju tèmi lọ. Orín ata ni ẹnu rẹ̀ ń rùn. Mo mú ẹ̀mú. Kò kígbe. Ó so eyín náà mọ́ etí aṣọ, ó lọ.

Mo kọ sínú ìwé: obìnrin kan, eyín kan. Ojú tì mí débi pé mi ò lè bẹ̀ ẹ́.

Jímọ́ọ̀, 27

Mo ránṣẹ́ sí bàbá mi lánàá pé kó gbé obì náà lọ. Obì lọ. Bàbá Ayíjú ní ẹnu ọmọ òun ni ìdáhùn yóò ti wá.

Àtìní, 30

Lékóòlù Manigri. Mo ní bí a ṣe ń fọ eyín kò yí padà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí mo fi dè é, mo ṣì í sọ. Akokoro ń mú ẹni tó mọ́. Mo fi ìka fa ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì, mo ní kí wọ́n tò wá wo eyín mi tó dúdú. Tèmi, ọ̀lẹ ló fà á. Àmọ́ èyí tó bàjẹ́ jù tí mo rí lóṣù yìí, ẹnu tó mọ́ ju tèmi lọ ni mo ti yọ ọ́.

Lamatou wò ó pẹ́ ju àwọn yòókù lọ. Ó ní ṣé kóun sọ ọ́ nílé. Mo ní kó má gbàgbé ìkankan.

Mo dúró kó lè délé ṣáájú mi. Nígbà tí mo gun kẹ̀kẹ́ kọjá, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó kọjú sí mi, ó kí mi. Iborùn wà lọ́rùn rẹ̀.