Àṣá àti Ọkọ́ Méjì Lórí Ògiri Ìjọba

                                        Yàrá Àwọn Agbẹ́gilére,
                                        Ilé Iṣẹ́ Ìjọba,
                                        Ẹ̀yìn Gbọ̀ngàn Ńlá.
                                        Ọjọ́ Kẹrìnlá, Oṣù Kẹsàn-án.

Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ọ̀rẹ́ mi tòótọ́,

Ṣé dáadáa lo wà? Ìyàwó ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Orúnkún rẹ tó máa ń dùn ọ́ nígbà òjò ńkọ́, ṣé ó ti ń jẹ́ kí o rìn? Mo gbọ́ pé àbúrò rẹ obìnrin ti bímọ. Ẹ kú ewu ọmọ o, Ọlọ́run á wò ó, á dá a sí. Àlàáfíà ni àwa náà wà. Ìyàwó mi ní kí n kí ọ dáadáa. Ó ní kí n sọ fún ọ pé àga tí o kàn fún òun nígbà tí o ń fẹ̀yìn tì kò tíì mì rárá, àmọ́ èyí tí èmi ọkọ òun kàn ti kán lẹ́ẹ̀mejì. Bó ṣe máa ń ṣe mí nìyẹn, o ṣáà mọ̀ ọ́n.

Mo mọ̀ pé wàá ti gbọ́ lórí rédíò pé ìjọba ti ní àmì ìdánimọ̀ tuntun, pé àṣá ló wà láàrin rẹ̀, pé ọkọ́ méjì wà lẹ́yìn àṣá, àti pé agbẹ́gilére tó gbẹ́ ẹ ti fọwọ́ sí i pé bẹ́ẹ̀ gan-an ni wọ́n ṣe rán òun níṣẹ́. Èmi ni agbẹ́gilére náà. Irọ́ ni mo pa. Mi ò fẹ́ kí o gbọ́ òótọ́ ibẹ̀ lẹ́nu ẹlòmíì, ìdí nìyẹn tí mo fi mú bírò.

Ṣé o rántí kìnnìún tí ìjọba àná gbé jókòó sórí òkúta, èyí tí èmi àti ìwọ jọ gbẹ́, tí irun ọrùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ wa lójú? Ìjọba tuntun ní àwọn ò fẹ́ rí i mọ́. Wọ́n ní ó jókòó, pé ẹni tó bá jókòó kì í ṣiṣẹ́. Ni wọ́n bá gbé ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mọ́kànlá kalẹ̀ láti ronú àmì mìíràn. Oṣù mẹ́jọ ni wọ́n fi ronú, ìjókòó ni wọ́n sì wà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Alága wọn ni ọkùnrin gíga tí a máa ń pè ní Mo-ti-mọ̀, nítorí kò sí ohun tí o fẹ́ sọ fún un tí kò ní sọ pé òun ti mọ̀ kí o tó pa ẹnu dé.

Ìjọba yìí kan náà ló pàṣẹ pé èdè wa ni kí gbogbo ọ́fíìsì máa fi kọ̀wé láti ìsinsìnyí lọ. Inú mi dùn sí i, mi ò ní purọ́. Àmọ́ Akọ̀wé Àgbà, ẹni tó ń tẹ gbogbo lẹ́tà ìgbìmọ̀, ní òun ò ní fi àmì kankan sórí ọ̀rọ̀ tàbí sábẹ́ rẹ̀. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé rẹ̀ ní àmì o! Ó kàn ní òun ò lè máa da ata sórí ìwé ni. Ó ní àwọn ọmọ iléèwé ló ni àmì, pé ẹni tó bá gbọ́n á mọ ohun tí òun ní lọ́kàn.

Bí lẹ́tà tó tẹ̀ ránṣẹ́ sí wa ṣe lọ nìyí, mo dà á kọ fún ọ bó ṣe wà: “Ki asa nla kan wa laarin pako. Ki oko meji dabuu ara won leyin re, ki enu won mu. Ki ekun kan duro lotun, ki okan duro losi.” Ó tán. Kò sí àwòrán, kò sí àlàyé.

Ìwọ náà bá mi kà á. Ti ekun kò ṣòro, mo mọ̀ pé ẹkùn ni, ẹranko tó ní tótòtó lára. Ẹkún ò lè dúró lọ́tùn-ún àti lósì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni gbogbo wa ń sun láti ọjọ́ tí wọ́n ti dé. Ti asa ló mú mi ronú. Ẹranko ló wà láàrin àmì àtijọ́, mo wá rò pé ó ti kan ẹyẹ. Mo kà á sí àṣá. Tó bá wá jẹ́ àṣá ni, oko tí ẹnu rẹ̀ mú, kí ló tún lè jẹ́ bí kò ṣe ọkọ́? Ṣebí ìjọba tó ń pariwo iṣẹ́ àgbẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́ ni. Mo tiẹ̀ yìn wọ́n nínú mi pé wọ́n rántí àgbẹ̀. Àṣé asà ni wọ́n ń wí, asà tí jagunjagun fi ń gba ọfà. Àṣé ọ̀kọ̀ ni, ọ̀kọ̀ tí wọ́n ń jù lójú ogun!

Má rò pé mi ò bèèrè o. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gun àtẹ̀gùn lọ sí ọ́fíìsì Akọ̀wé Àgbà, àtẹ̀gùn mẹ́rìndínlọ́gọ́rin, pẹ̀lú eruku igi lára mi. Lákọ̀ọ́kọ́, wọ́n ní ó wà nípàdé. Lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n ní ó ń jẹun. Lẹ́ẹ̀kẹta, mo bá a, ó ń fi ìdérí bírò wa etí. Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ọ̀rọ̀ kan wà nínú lẹ́tà yín tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi kà síta.” Ó wò mí láti òkè délẹ̀. Ó ní, “Ọdún mélòó lo ti wà níbí?” Mo ní mọ́kàndínlógún, sà. Ó ní, “Ọdún mọ́kàndínlógún, o ò tíì mọ̀wé kà? Ohun tó wà nínú lẹ́tà ni kí o gbẹ́. Má fi kún un, má yọ níbẹ̀.” Mo ní ó ti dáa, sà. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo gbẹ́ ohun tó wà nínú lẹ́tà.

Àṣá yẹn dára, kí n má dọ́gbọ́n ìrẹ̀lẹ̀ fún ọ. Ọ̀sẹ̀ méje ló gbà mí. Ìyẹ́ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni mo gbẹ́ lọ́tọ̀, ẹnu rẹ̀ tẹ̀ bíi dòjé, o sì lè fi ìka kan èékánná rẹ̀ kí o tètè fà á padà. Àwọn ọkọ́ náà, mo fi yanrìn pa ẹ̀rúkọ́ wọn títí wọ́n fi ń dán. Nínú àwọn mọ́kànlá tó ronú fún oṣù mẹ́jọ, kò sí ẹyọ ẹnì kan tó sọ̀ kalẹ̀ wá wò ó. Wọ́n ní eruku wa máa ń fún àwọn ní ikọ́.

Ọjọ́ tí wọ́n máa ṣí aṣọ lójú rẹ̀ pé. Gbọ̀ngàn kún dẹ́nu. Wọ́n ti kàn án mọ́ ògiri lókè àga Olórí Ìjọba láti òwúrọ̀, wọ́n fi aṣọ bò ó. Olórí fúnra rẹ̀ ò tíì dé láti ìrìn àjò, Mo-ti-mọ̀ ló dúró fún un. Ó di okùn mú, ó kọ ẹ̀yìn sí ògiri, ó kọjú sí àwọn ayàwòrán kí eyín rẹ̀ lè hàn, ó fa okùn. Aṣọ já bọ́. Gbogbo ilé pa lọ́lọ́. Ó rò pé iyì àmì ló pa wọ́n lẹ́nu mọ́, ló bá yọ ìwé ọ̀rọ̀ rẹ̀, èyí tí Akọ̀wé Àgbà kan náà tẹ̀ fún un. Ó nawọ́ sẹ́yìn láti tọ́ka sí asà, ó sì yíjú wò ó.

Ó wo ògiri, ó wo ìwé, ó tún wo ògiri. Asa ló wà nínú ìwé, àṣá ló wà lórí ògiri. Ọkùnrin tó ti mọ gbogbo nǹkan kò wá lè sọ lójú ayé pé èyí ṣàjèjì sí òun. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọ̀rọ̀ asà fún àṣá. Ó ní, “Ẹ̀yin ará mi, àṣá yìí ni yóò máa dáàbò bò yín tọmọtọmọ. Nígbàkígbà tí ewu bá dé, abẹ́ àṣá yìí ni kí ẹ sá sí.” Ó tún wo ìwé, ó ní, “Ní ti ọkọ́ méjèèjì yìí, láti òkèèrè ni a ó ti máa jù wọ́n, wọn yóò sì gún ọ̀tá wa ní àyà.”

Ọ̀rẹ́ mi, ta ni kò mọ ohun tí àṣá máa ń fi ọmọ adìẹ ṣe? Ìyá àgbàlagbà kan tó wà lórí àga ìkẹyìn dìde, ó fara balẹ̀ tún ìró rẹ̀ ró, ó ní, “Ẹ ṣé o. Àwa òròmọdìẹ ti gbọ́. Ṣé àárọ̀ lẹ fẹ́ ká wá ni, àbí ọ̀sán?” Ẹ̀rín bú jáde nínú gbọ̀ngàn. Ọlọ́pàá tó wà lẹ́nu ọ̀nà fi fìlà bo ojú, èjìká rẹ̀ ń mì. Èmi náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, kí n tó rántí pé iṣẹ́ ọwọ́ mi ni wọ́n ń wò.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n fún mi ní ìwé pé kí n wá wí tẹnu mi, kí n sọ ìdí tí wọn ò fi ní lé mi dànù fún títàbùkù ìjọba. O mọ̀ pé ilé iṣẹ́ ló ni ilé tí à ń gbé. Tí wọ́n bá lé mi lónìí, ọjọ́ keje la gbọ́dọ̀ kó jáde. Ìyàwó mi ò bú mi rárá, ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù jù. Ó kàn ń ká aṣọ àwọn ọmọ sínú àpótí, á tún tú wọn sílẹ̀, á tún ká wọn.

Àwọn márùn-ún ló jókòó tì mí, Mo-ti-mọ̀ wà láàrin, Akọ̀wé Àgbà wà lọ́tùn-ún rẹ̀. Wọ́n sọ̀kò ọ̀rọ̀ sí mi fún odidi wákàtí kan. Akọ̀wé Àgbà ní ẹni tí orí rẹ̀ bá pé á mọ̀ pé asà lòun kọ. Mo ní mo wá bèèrè, sà. Ó ní òun ò rí mi rí. Ibi tí a dé nìyẹn tí akọ̀wé kékeré kan fi gbé ìwé ìròyìn wọlé. Olórí ti dé, ó ti rí àṣá, ó sì ti sọ fún àwọn oníròyìn pé ó wu òun gan-an, pé ó pẹ́ tí òun ti ń fojú inú rí ẹyẹ tí ojú rẹ̀ ríran jìnnà báyìí.

Ó yẹ kí o wà níbẹ̀! Mo-ti-mọ̀ ka ìròyìn náà tán, ó tún ojú ṣe, ó ní, “Mo ti mọ̀ pé àṣá ni. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni mo ti ń sọ ọ́.” Akọ̀wé Àgbà gbé lẹ́tà rẹ̀ sókè, ó ní, “Ẹ wò ó, kí ni mo tẹ̀ síbẹ̀ bí kò ṣe àṣá?” Ni wọ́n bá ń bára wọn jà lórí ẹni tó kọ́kọ́ ronú kan àṣá. Ọ̀kan nínú wọn, tí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ rọ̀ ju ti ọmọ àbúrò rẹ lọ, ní iṣẹ́ àṣekára ni ìtumọ̀ ọkọ́, pé òun ló dábàá rẹ̀.

Nígbà tó rẹ̀ wọ́n, wọ́n rántí mi. Wọ́n tẹ ìwé kan níbẹ̀ lójú ẹsẹ̀: pé láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ni wọ́n ti fẹnu ara wọn sọ fún mi pé àṣá ni, pé ọkọ́ ni, pé irọ́ àwọn ọ̀tá ni ọ̀rọ̀ asà. Kí n fọwọ́ sí i. Tí mi ò bá fọwọ́ sí i, kí n lọ máa ka ọjọ́ méje mi.

Mo fọwọ́ sí i, Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Mo rántí àpótí tí ìyàwó mi ń dì tó ń tú, mo sì dá bírò wọn padà. Ìgbà tí mo délé ni ojú wá tì mí. Àwọn ni wọ́n ṣàṣìṣe, àmọ́ èmi ni mo purọ́. Inú ń bí mi sí wọn, inú sì ń bí mi sí ara mi, mi ò mọ èyí tó pọ̀ jù.

Wọ́n ti ní kí n gbẹ́ ọgọ́ta sí i, ẹyọ kọ̀ọ̀kan fún ọ́fíìsì kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ti tẹ ìwé pélébé kan jáde tó ń sọ ìtumọ̀ gbogbo rẹ̀, òun ni wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ níléèwé báyìí. Lánàá, ọmọbìnrin mi kejì, èyí tó wà ní kíláàsì kẹrin, gbé ìwé ìdánwò rẹ̀ wá bá mi níbi tí mo jókòó sí lẹ́yìn ilé. Wọ́n bi wọ́n pé kí ni iṣẹ́ àṣá. Ó kọ ọ́ pé àṣá máa ń gbé ọmọ adìẹ. Olùkọ́ fi bírò pupa fa igi lé e, ó fún un ní òdo, ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, “Àṣá ń dáàbò bò wá.”

Ó ní, “Bàbá, ẹ̀yin lẹ gbẹ́ ẹ. Kí ló máa ń ṣe?”

Mo kọ́kọ́ wo ọ̀nà bóyá ẹnì kan ń bọ̀. Mo ní tó bá jẹ́ níléèwé, kó kọ ọ́ pé ó ń dáàbò bò wá. Ó ní tó bá jẹ́ nílé ńkọ́? Mo ní tó bá jẹ́ nílé, tó bá ti rí òjìji rẹ̀ nílẹ̀, kó sáré kó adìẹ wọlé. Ó ní òun ti gbọ́. Ó gba ìwé rẹ̀ lọ́wọ́ mi, ó wọlé, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Bá mi kí ìyàwó rẹ àti àwọn ọmọ, kí o sì bá mi gbé ọmọ tuntun yẹn mọ́ra. Tí o bá fẹ́ bú mi, kọ ọ́ ránṣẹ́, mo fara mọ́ ọn.

Èmi rẹ náà ni, ti tábìlì kejì lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé,

Ọlọ́wọ́-Òsì