Irun Òwú àti Ohùn Bàbá Àgbà

Bàbá Àgbà mi ọ̀wọ́n,

Mo kúnlẹ̀ kí yín láti orí bébà yìí, ẹ má sì tètè ní kí n dìde. Ṣé ara ń mókun? Ṣé oúnjẹ ń wọlé? Ṣé eékún tuntun tí àwọn dókítà fi sí yín lẹ́sẹ̀ ti mọ̀ pé òun ti di ara ilé, àbí ó ṣì ń ṣe bí àlejò? Ní tiwa, kò sí ohun tó ṣe wá. Ìyá mi ń dirun ní ṣọ́ọ̀bù, bàbá mi ń ráhùn, èmi náà ń kọ́ iṣẹ́ irun lọ́dọ̀ ìyá mi nígbàkígbà tí mi ò bá sí níbi tí mo ti ń sín àwọn oníbàárà jẹ. Ẹ fojú fo àṣìṣe inú ìwé yìí. Ẹ mọ̀ pé èmi àti ilé ìwé ti kí ara wa pé ó dàbọ̀ láti ọjọ́ tí mo fi ohùn ọ̀gá àgbà sọ̀rọ̀ lẹ́yìn fèrèsé, tí gbogbo kíláàsì gbé báàgì wọn lọ sílé.

Ọ̀rọ̀ Òwú ajá yín ni mo torí ẹ̀ kọ̀wé. Ẹ kọ́kọ́ fọkàn balẹ̀, abẹ́ àga mi ló wà báyìí, ó ń hanrun. Nígbà tí ẹ wà nílé, tí ẹ máa ń gbé e lé itan láràárọ̀ tí ẹ ń fi òòyà ya irun rẹ̀, fáàrí la pè é. Àṣé òòyà yẹn ló ń dáàbò bo gbogbo wa! Kò pẹ́ tí ẹ lọ tọ́jú ẹsẹ̀ lọ́dọ̀ Àǹtí tí irun ẹ̀yìn etí rẹ̀ fi ta kókó. Ó bọ́ sábẹ́ okùn ọrùn, ó bọ́ sí abíyá, ó dé itan. Nígbà tó yá, Òwú ń rìn bí ẹni tó wọ ṣòkòtò àbúrò rẹ̀.

Ìyá mi ní, “Ṣé irun ajá ló máa wá fi èmi onídìrí ṣe yẹ̀yẹ́?” Ni a bá gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù. A da omi sí i lára, a da ọṣẹ ìfọrun sí i, a bó o bí ẹni ń bó aṣọ, a sì gbé e sábẹ́ ẹ̀rọ tó ń gbẹ irun. Òwú ké débi pé ọkùnrin tó ń ta bàtà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa sáré wọlé, ó ní ta ló kú. Nígbà tí irun máa fi gbẹ, àwọn kókó yẹn ti fún mọ́ra wọn, wọ́n le bí àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà tí ọkùnrin yẹn ń tà.

Ìyá mi bá mú sísọ́ọ̀sì. Ibẹ̀ ni Òwú ti bù wọ́n jẹ lọ́wọ́. Kò jinlẹ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ jáde. Bàbá mi ò pariwo, ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù. Wọ́n kàn ní, “Ẹni tó ń bọ́ ọ ló bù jẹ. Tó bá tún dán an wò, ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ mi tó ń ṣọ́ ilé ìkẹ́rùsí ló ń lọ.” Ẹ mọ ibẹ̀, Bàbá Àgbà. Ẹ mọ ṣéènì tí wọ́n fi ń so ajá níbẹ̀. Mo rò ó pé ẹ máa padà dé, ẹ máa na ọwọ́ sábẹ́ àga, ọwọ́ yín á sì bá ilẹ̀ lásán.

Mo bẹ dókítà ẹranko tó wà ní òpin àdúgbò títí ó fi yà sílé wa. Ó wo ọwọ́ ìyá mi, ó fọwọ́ kan ẹ̀yìn etí Òwú, ó ní, “Màmá, ajá yìí ló yọ yín nínú àṣìṣe. Awọ ara rẹ̀ ti wọ inú kókó yìí. Tí ẹ bá gé e, awọ lẹ máa gé.” Ó ní a ò gbọ́dọ̀ fi omi kan irun tó ti ta kókó, pé ẹ̀yìn tó bá tú tán la tó ń fọ̀ ọ́. Ká wọ́n páúdà díẹ̀ sí i, ká fi ìka là á, ká di ìdí irun mú kó má baà dùn ún, ká bẹ̀rẹ̀ òòyà láti orí ṣónṣó. Àmọ́ bí òun bá padà wá tí kò sì yàtọ̀, òun á fá gbogbo rẹ̀ ni, torí ara lè ti máa di egbò lábẹ́ ibẹ̀. Ìyá mi pàtẹ́wọ́. “Ohun tí mò ń ṣe sí orí àwọn ọmọdé lójoojúmọ́ nìyẹn! Nítorí pé eléyìí ní ìrù ni mo ṣe gbàgbé?”

Ṣùgbọ́n ta ló máa sún mọ́ Òwú? Tó bá ti rí òòyà báyìí, eyín níta. Ni mo bá rántí iṣẹ́ tí mo mọ̀ jù, ìsínjẹ. Mo wọ sálúbàtà yín, mo wọ́ ọ nílẹ̀, ṣàà, ṣàà. Mo wúkọ́ yín, èyí tó máa ń kọ́kọ́ kọ̀ bí alùpùpù àtijọ́ kó tó jáde. Mo wá ní, “Òwú ọmọ mi, wá ká tún agogo ṣe,” bí ẹ ṣe máa ń sọ ọ́ láràárọ̀ láti ìgbà tí ẹ ti ń tún agogo ṣe. Ha! Ó sáré jáde, ó gun itan mi, ó yíkùn sókè. A tú ẹ̀yìn etí kan láìsí wàhálà. Mo ń yangàn.

Ìgbà tí mo dìde ni Òwú kọjá lára mi, ó lọ ń họ ilẹ̀kùn yàrá yín. Mo ṣí i. Ó wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó wo ẹ̀yìn kọ́tìnì, ó padà wá dùbúlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, kò sì jẹun. Èèyàn tí mo bá fi ohùn tàn jẹ máa ń bú mi, kó tó rẹ́rìn-ín. Òwú ò bú mi. Ó kàn ń wá yín. Ìyá mi ní, “A kì í fi ẹni tí èèyàn ń retí ṣẹ̀fẹ̀.”

Mo bọ́ sálúbàtà yín. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú bisikíìtì àti ohùn ara mi, tí mi ò tiẹ̀ mọ̀ bó ṣe ń rí mọ́. Mo jẹ́ kó gbóòórùn òòyà dáadáa. Tó bá kùn, mo dúró. Tó bá dákẹ́, ìyá mi di ìdí irun mú, èmi ya ṣónṣó. Díẹ̀ lónìí, díẹ̀ lọ́la. Bàbá mi ń wò wá láti ẹ̀yìn ìwé ìròyìn bí ẹni tí kò wò wá. Lọ́jọ́ tí a dé abíyá, Òwú la ẹnu, ó gbé eyín lé ọwọ́ mi. Bàbá mi ti dìde. Òwú rò ó wò, ó sì lá páúdà orí ìka mi. Bàbá mi jókòó padà, wọ́n ní, “Kí lẹ dúró fún? Ó ku díẹ̀.” Láti ọjọ́ yẹn, àwọn gan-an ló ń di bisikíìtì mú, ẹnu wọn ò sì sọ̀rọ̀ ṣéènì mọ́.

Nígbà tí dókítà padà dé, abẹ́ okùn ọrùn nìkan ló fá. Ó dà bí ibi tí ewúrẹ́ ti jẹko, ṣùgbọ́n irun á hù. A ń yà á lójoojúmọ́ báyìí, mo sì ń bọ́ okùn ọrùn rẹ̀ tó bá fẹ́ sùn.

Ó wá ku ohun kan. Ẹ rántí ọjọ́ tí ẹ pè lórí fóònù, tí ẹ ní, “Òwú ọmọ mi, wá ká tún agogo ṣe,” tí gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín tí ẹ̀yin náà ń bá wa rín láìmọ ìdí? Òwú gbọ́ yín. Ó wo fóònù, ó yí orí padà, ó wo èmi, bí ẹni ní, “Ìwọ yìí náà tún dé?” Ó sì padà sùn. Bàbá Àgbà, mo ti ba ohùn yín jẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹsẹ̀ yín nìkan ló kù tó lè jẹ́rìí fún un pé ẹ̀yin ni. Àǹtí sì ti sọ fún wa pé bí obìnrin tó ń kọ́ yín ní ìrìn bá ti kan ilẹ̀kùn, ẹ máa ń díbọ́n hanrun. Èmi ló yẹ kí n kọ́ yín ní ìhanrun, torí Àǹtí sín in jẹ fún mi, irọ́ ni! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe é bí a ṣe ṣe ti Òwú. Láti bẹ́ẹ̀dì dé fèrèsé, tó bá dùn yín, ẹ sinmi, lọ́la ẹ tún un ṣe. Sálúbàtà yín ti padà sẹ́nu ọ̀nà yàrá yín. Mi ò ní wọ̀ ọ́ mọ́.

Kí eékún yín máa gbọ́ràn sí yín lẹ́nu ju bí èmi ṣe ń gbọ́ràn lọ. Kí ilẹ̀ má yọ̀ yín. Kí ẹni tó ń retí yín rí yín lójú ayé rẹ̀.

Èmi ni ọmọ ọmọ yín tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi,
Ẹ̀gà, bí ẹ ṣe sọ mí

Àfikún: Ẹ bá mi fi àtẹ́lẹwọ́ yín pa bébà kan dáadáa, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí Òwú kó máa fi retí yín. Òórùn nìkan ni mi ò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń sín in jẹ.