Àwòrán Ọkàn Ìyá Rẹ

Rẹ̀mílẹ́kún ọmọ mi,

Ṣé dáadáa ni o wà l'Ékòó, ṣé ọkọ rẹ náà ń gbádùn? Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí ẹ ṣi ẹsẹ̀ gbé. Òjò ti rọ̀ ní Igangan, iṣu ti ń yọ, àmọ́ èmi nìkan ni mò ń lọ sóko báyìí.

A ti ti ilé ìwòsàn ní Ìbàdàn dé. Torí o ní wọ́n fẹ́ yàwòrán ọkàn ìyá rẹ, mo ní kó wọ léèsì tó wọ̀ níbi ìgbéyàwó rẹ, àfi bí wọ́n ṣe ní kó bọ́ ọ. Wọ́n gún un lábẹ́rẹ́, dókítà obìnrin kan ní oògùn inú rẹ̀ ń tàn nínú ara, kámẹ́rà nìkan ló sì ń rí i. Ó jókòó sórí àga, kámẹ́rà sún mọ́ àyà rẹ̀, kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Dókítà ní láyé àtijọ́ èèyàn á dùbúlẹ̀ pẹ́, oògùn ọ̀hún á sì pọ̀ ju èyí lọ. Inú bí mi. Mo ní ọmọ mi san owó pé, kí ló dé tí ẹ fún ìyá rẹ̀ ní ààbọ̀ oògùn? Ó ní ojú kámẹ́rà tuntun yìí ló mú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ kejì mo fi aṣọ bo fèrèsé lọ́sàn-án gangan, kí n wò ó bóyá àyà rẹ̀ á tàn. Kò tàn. Ìyá rẹ kàn ń wò mí.

Nínú àwòrán, ọkàn rẹ̀ pọ́n bí ẹyin iná, àmọ́ apá ìsàlẹ̀ dúdú. Mo ní bóyá ìka ẹnì kan ló dí ojú kámẹ́rà. Dókítà ní rárá, apá yẹn ti kú, iṣẹ́ abẹ ò lè jí i. Ó bi mí ìgbà tí àyà kọ́kọ́ dùn ún. Mi ò lè purọ́. Nínú oṣù kejì ni, à ń wa gbágùúdá, ó di àyà mú, ó ní ó ń fún òun. Mo ní iṣẹ́ ló wọ̀ ọ́ lára, kó mumi, ká kó èyí tó kù. Ó sì kó o.

Mo bi dókítà bóyá wọ́n lè gé lára ọkàn tèmi lẹ̀ mọ́ ti ìyá rẹ. Ó ní wọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bá mi bèèrè l'Ékòó, ibẹ̀ ló tóbi.

Oògùn tí wọ́n ní kó máa lò á tán lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Má fi owó rẹ̀ sí báńkì, mi ò mọ ẹni tó ń bá mi tọ́jú ẹ níbẹ̀. Fọwọ́ ara rẹ gbé e wá, tètè wá.

Ọmọ tìrẹ náà á tọ́jú rẹ, Ọlọ́run á dá ọ sí fún wa. Ìyá rẹ rí i pé mò ń kọ̀wé sí ọ, ó ní kí n sọ fún ọ pé ara òun ti le. Mo ti sọ ọ́.

Bàbá rẹ,
Malachi Ọláyẹmí