Ilẹ̀ Tutù, Òkè Ń Hó

Agbo Ilé Ifátóyè,
Banigbé,
Ifangni.
Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù Ẹ̀bibi, 2025.

Ọláòtán, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú àìsùn ọmọ tuntun. Marthe ìyàwó rẹ ńkọ́, ṣé ara rẹ̀ ti mókun? Ọmọ náà ńkọ́? Wọ́n ní ó ń ké bí ẹni tó fẹ́ fa ilé ya, mo ní kò lè ṣe kó má jọ bàbá rẹ̀. Àwa náà wà níbí. Òjò ti fìdí múlẹ̀, àgbàdo ti ga dé èèyàn láyà, ara àwọn ọmọ sì le.

Nígbà tí o pè mí lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo yára gé ọ̀rọ̀ kúrú. Ọ̀rọ̀ tí mo gbé mì nìyí: Bàbá Ifátóyè, ẹ̀gbọ́n ìyá mi, ti dágbére fáyé. Mi ò fẹ́ kí o gbọ́ ọ láàrin àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ ní Calavi. Fara balẹ̀ kà á, nítorí o kópa nínú rẹ̀ ju bí o ti mọ̀ lọ.

O rántí pé oṣù Ẹrẹ́nà ni àwọn awọnlẹ̀ dé, kí olúkúlùkù lè gba ìwé ilẹ̀ rẹ̀. Ọ̀sán ni Victorin tó gbé ẹ̀rọ wọn, èyí tó ń fi ohùn sátẹ́láìtì mọ ibi tó wà, fẹ́ ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n Bàbá kọ̀ jálẹ̀. Nílé wa, a kì í rìn lórí ilẹ̀ òkú nígbà tí oòrùn bá wà ní àtàrí. Ilẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tutù. Ibojì ìyá mi sì wà lẹ́bàá ààlà níbẹ̀, nídìí pèrègún tí àwọn bàbá wa àti ti Bàbá Sàlámì, tí ilẹ̀ wọn bá tiwa pààlà, jọ gbìn. Victorin ní kò burú, ó dúró títí oòrùn fi wọ̀, ó sì wọn ilẹ̀.

Àfi bí ìwé ṣe jáde tí ààlà ti kúrò nídìí pèrègún! Ibojì ìyá mi ti bọ́ sí ọ̀dọ̀ Bàbá Sàlámì. Bàbá ní Sàlámì ló fi nǹkan dí awọnlẹ̀ lẹ́nu. Ọ̀rẹ́ tí wọ́n ti jọ ń gun ọ̀pẹ láti kékeré, wọn ò kí ara wọn mọ́. Ọ̀rọ̀ náà dùn wọ́n wọ egungun, torí ibi kan ṣoṣo ni Bàbá ti sọ pé àwọn fẹ́ sùn sí, ẹ̀gbẹ́ àbúrò wọn. Kò pẹ́ tí àìsàn fi dá wọn dùbúlẹ̀.

Ìgbà yẹn ni mo pè ọ́, ìwọ tí o ń kọ́ni nípa ojú ọ̀run, mo bi ọ́ bóyá ẹ̀rọ lè ṣìnà fúnra rẹ̀. O ní afẹ́fẹ́ tó bo ayé wà ní ìpele lórí ìpele, ìpele kan kì í sì í gbélé rẹ̀ kó má yọ èkejì lẹ́nu. Ooru àti ìjì ìsàlẹ̀ ń rán ìgbì gòkè, títí yóò fi kan ìpele tí oòrùn ti fi iná mànàmáná sí nínú, èyí tí ẹ ń pè ní ionosphère. O ní lágbègbè tiwa, bí oòrùn bá ti wọ̀, ìsàlẹ̀ ìpele yẹn á fúyẹ́, òkè rẹ̀ á sì wúwo. Bí ìgbì bá wá tì í láti ìsàlẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ihò, bí ẹ̀kọ tó ń hó lórí iná. Ohùn sátẹ́láìtì tó bá gba ibẹ̀ kọjá á máa gbọ̀n, ẹ̀rọ á sì ṣi ibi tó wà mọ̀. O tún ní oṣù Ẹrẹ́nà wà lára oṣù tó máa ń le jù. Ọ̀rẹ́ mi, ẹ wo nǹkan! A ń dúró kí ilẹ̀ tutù, òkè ń hó.

Mo jókòó ti Bàbá lórí ẹní, mo rò ó fún wọn bí o ṣe rò ó fún mi. Wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n bi mí pé:

“Donc, ìyẹn ni pé kì í ṣe Sàlámì?”

Mo ní kì í ṣe Bàbá Sàlámì, kì í sì í ṣe Victorin.

“Bon, ó dáa. Ta ló ní kí wọ́n dúró dìrọ̀lẹ́?”

Wọ́n fúnra wọn ló dáhùn:

“Èmi ni. Lọ bá mi pe Sàlámì.”

Bàbá Sàlámì ò dúró wá bàtà. Bí wọ́n ṣe wọlé, Bàbá ń gbìyànjú láti dìde bẹ̀ wọ́n, Bàbá Sàlámì sì dì wọ́n mú, wọ́n ní ahọ́n àti eyín ń jà, inú ẹnu kan náà ni wọ́n ń gbé. Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Bàbá ò jí mọ́.

Níbo la ó sin wọ́n sí? Mo ti rò ó fún Victorin, ó sì ti ṣèlérí láti padà wá wọn ilẹ̀ náà láàárọ̀, ṣùgbọ́n kò tíì dé. Nínú ìwé, ti Bàbá Sàlámì ni ibẹ̀. Àbdùlàzéèzì, àkọ́bí wọn, sì fárígá: a mọ̀ níbí pé ẹni tó bá sin òkú síbì kan ti gba ibẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀rù bà mí, Ọláòtán, mi ò ní parọ́. Bí a ṣe ń jiyàn lọ́wọ́, Bàbá Sàlámì gbé ọkọ́ tiwọn dé, wọ́n dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibojì ìyá mi, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ilẹ̀.

Wọ́n ní bó bá jẹ́ ilẹ̀ Ifátóyè, kó sùn sínú ilẹ̀ rẹ̀. Bó bá jẹ́ tàwọn, àwọn fi ta á lọ́rẹ. Àbdùlàzéèzì wo bàbá rẹ̀ títí, ó sì gba ọkọ́ náà lọ́wọ́ wọn. Òun ló gbẹ́ ẹ tán.

Victorin padà dé lẹ́yìn ìsìnkú, láàárọ̀. Ààlà ti padà sídìí pèrègún. Gbogbo ilé ń kí mi kú oríire, inú mi ò sì dùn tó bí wọ́n ṣe rò. Ilẹ̀ wa ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n gbé ọkọ́ dé, Bàbá Sàlámì ò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ tí ìwé pè ní tiwọn ni wọ́n gbẹ́ fún ọ̀rẹ́ wọn.

Bá mi kí Marthe, kí o sì bá mi gbé ọmọ náà jó. Mo mọ̀ pé o máa wá kí wa. Bí o bá dé Banigbé, má tíì yà sọ́dọ̀ mi. Ilé Bàbá Sàlámì ni kí o kọ́kọ́ lọ, kí o kí wọn kú ọ̀fọ̀ ṣáájú wa.

Èmi ni tìrẹ, lójú oòrùn àti lẹ́yìn rẹ̀,
Ògúnrìndé.