Erìgì Tó Fẹ́ Gba Fèrè Lẹ́nu Mi

Sátidé, ọjọ́ kẹrin oṣù Èbìbí
Ojú tì mí. Fèrè bọ́ lẹ́nu mi láàárín pápá. Wọ́n gbá agbábọ́ọ̀lù kan lulẹ̀, mo fọn fèrè—atẹ́gùn lásán ló jáde. Erìgì mi ti wú bo eyín, kò síbi tí mo lè fi di fèrè mú mọ́. Àwọn èrò ìwòran ní rẹfirí ti sùn lọ.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ karùn-ún
Adájọ́ ní kí n lọ rí oníṣègùn eyín. (Ìyàwó mi ni Adájọ́. Rẹfirí lásán lèmi nínú ilé yìí.)

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹsàn-án
Mo lọ. Oníṣègùn eyín náà, obìnrin kúkúrú kan tó ń kọrin lábẹ́ ìbòmú, yẹ ẹnu mi wò, ó bèèrè oògùn tí mò ń lò. Mo lọ́ra kí n tó sọ ọ́: ti wárápá, láti kékeré, ó ti pẹ́ tó gbé mi kẹ́yìn. Ó ní oògùn yẹn gan-an ló máa ń mú kí erìgì àwọn kan hù bẹ́ẹ̀, pàápàá bí ìdọ̀tí bá há sídìí eyín. Ó ha eyín mi, ó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fọ ẹnu—èmi, bàbá ọlọ́mọ! Ó ní òun á bá dókítà mi sọ̀rọ̀. Kí n má fúnra mi dá oògùn dúró o.

Ẹtì, ọjọ́ kẹwàá
Mo dá a dúró.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kejìlá
Adájọ́ rí oògùn tí n ò lò. Kò pariwo, ìyẹn ló bà mí lẹ́rù. Ó jókòó sétí ibùsùn, ó ní, "Erìgì wíwú, mo gbà. Ṣùgbọ́n n ò tíì ṣe tán láti máa bá fọ́tò yín sọ̀rọ̀." Mo gbé e mì lójú ẹ̀. Káàdì pupa. N ò jiyàn.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlélógún
Dókítà ń pààrọ̀ oògùn mi, díẹ̀díẹ̀ ni: tuntun ń wọlé, ti àtijọ́ ń jáde.

Sátidé, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù Òkúdu
Erìgì ń fà sẹ́yìn! Mo rí eyín tí mo ti gbàgbé pé mo ní.

Ẹtì, ọjọ́ karùn-ún oṣù Agẹmọ
Alága àwa rẹfirí pè mí sí ọ́fíìsì rẹ̀: èmi ni màá darí àṣekágbá. Mo ní kó gbọ́ kó tó kọ orúkọ mi, mo sì sọ ti wárápá fún un. Ó gbé bírò sílẹ̀. Mo ti ń dìde. Ó wá ní ọmọ òun obìnrin ní in, kì í jáde mọ́, ọmọ náà gbà pé ayé òun ti tán. Ó pè é, ó na fóònù sí mi.

Ohùn tín-ín-rín kan ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé wọ́n máa ń jẹ́ kí ẹ sáré?"

Mo ní mò ń sáré ju gbogbo àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù lọ, èmi nìkan sì ni wọn kì í pàtẹ́wọ́ fún.

Ó bú sẹ́rìn-ín. Bàbá ẹ̀ kọjú sí fèrèsé.